Ojú Obìnrin, Ẹsẹ̀ Ọkùnrin

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé àwọn ọmọbìnrin kò fẹ́ràn géèmù. Ọkùnrin ló sábà máa ń sọ ọ́, á sì sọ ọ́ bí ẹni pé Ọlọ́run ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Kétu ti ilẹ̀ Benin, níbi tí a ti ń ṣe fọtokopí, tí a ti ń tẹ ìwé ìwáṣẹ́ àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tó ń wá tẹ iṣẹ́ wọn kì í jókòó lásán. Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń gbóná lọ́wọ́, fóònù á ti jáde, òmíràn láti inú àpò, òmíràn láti abẹ́ ìborí. Mo ti rí Candy Crush lọ́wọ́ wọn, mo ti rí Lúdò, mo ti rí eré tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, mo sì ti rí ìbọn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ tì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ìgbà tí wọ́n ń ráyè ṣe é, àti orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, Free Fire ni tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: ènìyàn 50 ni yóò fò bọ́ sórí erékùṣù kan látinú ọkọ̀ òfuurufú, oníkálukú á wá ìbọn tirẹ̀, wọ́n á sì máa pa ara wọn títí yóò fi ku ẹnì kan. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ. Garena ló gbé e jáde ní 2017, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí fóònù olówó pọ́ọ́kú fi lè gbé e, ìdí nìyẹn tó fi gba ìgboro ní ilẹ̀ wa. Kelly ni ọmọ yìí máa ń mú, ọmọbìnrin tó mọ eré í sá. Àmọ́ orúkọ tó fún ara rẹ̀ níbẹ̀, orúkọ ọkùnrin ni. Kì í sì í ṣí máìkì rẹ̀, kódà bí àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ bá ń pariwo pé kí ó sọ ibi tí ọ̀tá wà. Mo bi í léèrè.

"Tàǹtí, tí wọ́n bá gbóhùn mi, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ní kí n lọ wo ọbẹ̀ mi kó má jóná."

"Tí o bá wá pa wọ́n ńkọ́?"

"Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n á ní bùrọ̀dá mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ohùn nìyẹn. Ti àsìkò tún wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ó ti gbé omi àmàlà kaná. Fóònù mi kejì, èyí tí mo fi ń gba ìpè oníbàárà, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti odó. Ojú fóònù náà ti sán nísàlẹ̀ lápá òsì, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ń tẹ̀ kí ènìyàn inú eré tó lè rìn, nítorí náà àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán kọjá, Kelly á sì máa yà bàrá kó tó lọ síwájú. Ó ti mọ́ ọn lára. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó ku ènìyàn 7 lórí erékùṣù. Ìdérí ìkòkò ń mì, ọmọ náà na ẹsẹ̀ kan, ó fi ti igi sẹ́yìn nínú àdògán láìgbójú kúrò lára ìbọn. Ó ku 4. Ni fóònù bá dún: oníbàárà kan fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé òun ti jáde. Ìpè náà bo gbogbo ojú eré. Kó tó gé e, wọ́n ti pa á. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé orógùn, ó da èlùbọ́ sómi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà nínú ilé kan náà. Kò sí ẹni tí í pè é sídìí omi àmàlà.

Ẹ wò ó, ẹni tó ń ṣe géèmù tó sì fẹ́ kí ọmọbìnrin wá, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá wọ́n lè dá eré òun dúró kí wọ́n sì padà bá a níbi tí wọ́n fi í sí. Ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú kò lè parí ohun tí kò ṣeé dá dúró. Àwọn ọkùnrin máa ń fi Candy Crush ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní eré àwọn ìyá ni. Láti 2012 tó ti dé orí fóònù, ó ń dúró de ẹni tó ń ṣe é. Ìyá tó ń ta gàrí á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á wọn gàrí fún oníbàárà, á gba owó, á padà bá a bó ṣe wà. Ẹnikẹ́ni kò sì ní fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ìyẹn, àwọn tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni kò rí i.

Àwọn ọmọkùnrin ní ilé géèmù tiwọn. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ọjà: yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n mélòó kan, PlayStation tí okùn rẹ̀ ti di mọ́ra wọn, fáànù kan tí kì í yí dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń gbá níbẹ̀, ẹni tó bá jẹ gbèsè góòlù ló máa sanwó ìdíje tó kàn. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí obìnrin má wọlé. Àmọ́ bí ọmọbìnrin bá yọjú, ohun tí gbogbo ẹnu máa sọ náà ni, "Ta lo wá pè?" Wọ́n ti gbà pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ní kó wá mú lọ jẹun. Mo bá onílé náà sọ ọ́, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Mi ò lé ẹnikẹ́ni, Màmá. Wọn kì í wá ni." Òótọ́ ló sọ. Wọn kì í wá.

Ọkùnrin kan ní Jàpáánì ti rí ìṣòro yìí láti 1980. Toru Iwatani lorúkọ rẹ̀, Namco ló ń bá ṣiṣẹ́. Ilé géèmù ìgbà náà kún fún ọmọkùnrin tó ń yìnbọn fún àwọn àjèjì láti òfuurufú, ibẹ̀ kò sì fani mọ́ra fún ẹlòmíràn. Ó ní òun fẹ́ eré tí àwọn obìnrin lè bá wá síbẹ̀, tí ọkùnrin àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lè jọ ṣe. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ohun tí obìnrin fẹ́ràn, ó ní oúnjẹ ni. Ẹ má dá mi lóhùn, ó pa mí lẹ́rìn-ín: ọkùnrin jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ obìnrin títí, ìdí ìkòkò náà ló tún já sí. Àmọ́ Pac-Man ló ti ibẹ̀ jáde, ẹnu róbótó tó ń jẹ nǹkan kiri, pẹ̀lú àwọn iwin aláwọ̀ mèremère tó ń lé e, ó sì gba gbogbo ayé kan. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti oúnjẹ. Yàrá ló kọ́kọ́ wò. Ó wo àwọn tó wà níbẹ̀, ó wo àwọn tí kò sí níbẹ̀, ó tó lọ ya eré rẹ̀.

Àwọn tó tẹ̀ lé e kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1996, Mattel, àwọn tó ń ṣe bèbí Barbie, gbé eré Barbie kan jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ọmọ fi ń ya aṣọ lórí kọ̀ǹpútà. Láàárín oṣù méjì, ó tà ju 500,000 lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù rí owó náà, ojú wọn wọ̀ ọ́, wọ́n bá kó ọ̀dà àwọ̀ osùn, ìyẹn píǹkì, jáde, wọ́n ń kùn ún sí gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún ọmọbìnrin. Wọn ò bi ara wọn ní ohun tó mú kí èyí tà. Ọmọ tó bá ya aṣọ tán nínú eré yẹn á tẹ̀ ẹ́ jáde lórí aṣọ gidi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè gbà, á sì wọ̀ ọ́ fún bèbí rẹ̀. Ohun kan jáde tó ṣeé dì mú. Ẹ wá wo àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní gbogbo igun Kétu, kí ẹ sọ fún mi bóyá àwọ̀ osùn ló ń mú wọn jókòó tì ẹ̀rọ ìránṣọ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Ní ọdún yẹn kan náà, obìnrin kan, Brenda Laurel, dá ilé iṣẹ́ Purple Moon sílẹ̀. Òun gbìyànjú. Àwọn ènìyàn rẹ̀ bá ọmọdé tó ju 1,000 lọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Wọ́n ṣe eré nípa ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ẹni tó ń ṣe é ni yóò yan ọ̀nà tí ọmọ náà yóò fi ṣe sí ọ̀rẹ́ àti sí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àti òfófó nìkan ni ọmọbìnrin mọ̀ ni? Ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́, ní 1999 ó kógbá sílé, Mattel ló rà á. Lójú tèmi, ẹ̀bi rẹ̀ kò tó bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ìyẹn ju ohun tí ọ̀pọ̀ ṣe lọ. Ohun tí mo kàn fi ń bá a jà ni pé ọmọ tó wà nínú ilé mi, ìbọn ló fẹ́. Nígbà tí Will Wright wá ṣe The Sims ní 2000, kò pè é ní eré obìnrin, kò pè é ní eré ọkùnrin. Kọ́ ilé, kó ènìyàn sí i, wo bí wọ́n ṣe ń jà àti bí wọ́n ṣe ń fẹ́ra. Àwọn obìnrin ya wọ ibẹ̀ láìsí ẹni tó fi ọ̀dà pè wọ́n.

Bí a bá sọ̀rọ̀ yìí pẹ́, ẹnì kan á sọ pé ṣebí obìnrin ti pọ̀ nínú géèmù báyìí. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 1986, akọni inú eré Metroid, Samus, wọ akoto àti ẹ̀wù irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá tètè parí eré náà ló máa rí i pé obìnrin ni Samus. Lara Croft dé ní 1996, ó ń gun àpáta, ó ń yìnbọn ọwọ́ méjèèjì, ọmú rẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń fi polówó. Àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún. Wọ́n fi ara obìnrin rìn kiri inú ihò àpáta, ó sì dùn mọ́ wọn.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Kétu lẹ́nu. Àwa la ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n báyìí, UNESCO ti kà á mọ́ ohun ìyanu ajogúnbá ọmọ ènìyàn láti 2001. Igi tí wọ́n gbẹ́ ní ojú obìnrin, gèlè, ìborùn, ìdí tí wọ́n fi aṣọ dì kí ó tóbi, ọmú tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n so mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n ẹ wolẹ̀: ẹsẹ̀ tí ṣaworo wà lọ́rùn rẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ọkùnrin ni. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, ọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ti Lara Croft kò yàtọ̀.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni ìdí agbo. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ìyálàṣẹ̀. Obìnrin ni, àṣẹ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí àwọn ìyá wa ni ọkùnrin yẹn ṣe ń jó, kí inú wọn lè dùn, kí òjò lè rọ̀, kí ọmọ má kú. Ẹléfẹ̀ tó máa kọrin mọ́jú ní òru á júbà wọn kó tó la ẹnu bú ẹnikẹ́ni. Bí ijó kò bá dùn mọ́ àwọn ìyá nínú, kò sí ohun tó kù níbẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè gbé ohun tó bá wù ú sórí igi, mo ti rí alùpùpù, mo ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n ó mọ ojú tó ń wo òun. Nínú yàrá tí wọ́n ti ṣe Lara Croft, ta ni wọ́n júbà fún? Ìbéèrè mi nìyẹn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fi obìnrin tuntun inú eré kan hàn mí pé àwọn ti tún nǹkan ṣe. Ojú yẹn dára. Ta ni Ìyálàṣẹ̀ yín?

Kì í kúkú ṣe pé obìnrin kò sí nínú iṣẹ́ náà láti àárọ̀ ọjọ́. Roberta Williams ṣe Mystery House ní 1980, ara àwọn eré àkọ́kọ́ tó ní àwòrán nínú ìtàn. Dona Bailey wà lára àwọn méjì tó ṣe Centipede fún Atari ní 1981. Carol Shaw ṣe River Raid ní 1982, odò gígùn tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà lórí rẹ̀; àyè tí wọ́n fún un nínú katiríìjì tí wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀rọ géèmù kéré débi pé àwòrán kan ṣoṣo inú fóònù wa lónìí kò lè wọ̀ ọ́, ó wá fi ìṣirò pilẹ̀ odò náà, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa yà á bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Tí mo bá rántí ìyẹn, orí mi máa ń wú. Ohun tí wọ́n wá fojú àwọn tó dé lẹ́yìn wọn rí yàtọ̀. Riot Games, àwọn tó ni League of Legends, gbà ní 2021 láti san mílíọ̀nù 100 dọ́là kí wọ́n fi parí ẹjọ́ tí àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn pè wọ́n lórí bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé obìnrin ni wọ́n.

Ti bọ́ọ̀lù, mi ò ní fi gùn. Géèmù bọ́ọ̀lù FIFA 16 tó jáde ní 2015 ló kọ́kọ́ kó obìnrin wọlé, orílẹ̀-èdè 12. Kò sí Áfíríkà kankan nínú wọn. Super Falcons ti Nàìjíríà, tí wọ́n ti wà nínú gbogbo Ife Àgbáyé obìnrin láti 1991, wọn ò rí wọn mú wá. Láti Kétu, Nàìjíríà kò jìnnà rárá. Àwọn ọmọ wa mọ Asisat Oshoala, agbábọ́ọ̀lù wọn, ju bí wọ́n ṣe mọ ọ̀pọ̀ mínísítà lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Kútọnu wá ní òun ti rí ọ̀nà àbáyọ: kí àwọn ọ̀dọ́ Benin ṣe géèmù Agojie, àwọn obìnrin ajagun Dàhòmì, kí àwọn ọmọbìnrin wa lè ní akọni tiwọn. Ère wọn ṣáà ti wà ní Kútọnu láti 2022, ó ga ní mítà 30. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ibo lo ń bá sọ̀rọ̀? Kétu nìyí o." Ní 1886, ọmọ ogun Dàhòmì, àwọn obìnrin yẹn nínú wọn, ló pa ìlú yìí run, tí wọ́n dáná sun ilé, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Tí wọ́n bá ṣe géèmù náà, ìlú ta ni Agojie yóò máa fọ́ ní ìpele kẹta? Ó dákẹ́. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ọmọ Abomey, olú ìlú Dàhòmì, ní ẹ̀tọ́ sí ìyá ńlá rẹ̀, akin sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ tèmi lè yan obìnrin tó wà lẹ́yìn Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè ìlú wa, lọ́jọ́ yẹn, tó ń gbé omi lọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè. "Ọmọbìnrin Áfíríkà" kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn ará Kamẹrúùnù ti ṣe tiwọn. Kiro'o Games ní Yaoundé gbé Aurion jáde ní 2016, ìtàn ọba ọ̀dọ́ kan àti aya rẹ̀ tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ràn pé tọkọtaya ni wọ́n, ó ṣọ̀wọ́n. Ọkọ ni ẹni tó ń ṣeré ń darí, aya a máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ ti rí i.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí iṣẹ́ kò pọ̀, mo máa ń fi kọ̀ǹpútà méjì sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé Scratch sí i, èyí tí àwọn ará MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ṣe láti 2007 kí ọmọdé lè máa to àṣẹ pọ̀ láìkọ lẹ́tà púpọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń sọ Faransé, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Mi ò sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn. Wọ́n ya ìyá kan tó ń ru agbọ̀n tòmátì láti Kétu lọ sí Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, orí rẹ̀ tóbi ju agbọ̀n lọ. Tó bá sáré, tòmátì á máa já bọ́. Tó bá rọra, oòrùn á mú un, tòmátì á rọ̀. Ní bodè, aṣọ́bodè kan ń bẹ níbẹ̀ tó ní irùngbọ̀n pupa, nítorí pé àwọ̀ pupa ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ bà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí ìyá náà yìnbọn fún un. Mo ti mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn. Èkejì, tí ìyá rẹ̀ ń kọjá ní bodè yẹn ní ti gidi, kọ̀ jálẹ̀. "Tí o bá yìnbọn fún un, wọ́n á ti bodè. Ta ló máa ra tòmátì rẹ?" Ọmọdé ni wọ́n ní 2019 tí Nàìjíríà ti bodè títí ó fi lé ní ọdún kan, ṣùgbọ́n ebi rẹ̀ dé ilé gbogbo wa. Wọ́n jà sí i, wọ́n fi ìbọn náà sí i níkẹyìn: ẹ lè yin ín, aṣọ́bodè á ṣubú, bodè á tì, tòmátì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lójú yín, kò sì sí bọ́tìnnì tí ẹ máa fi padà. Mi ò rí i nínú géèmù ńlá kankan rí.

Àwọn ọmọkùnrin ti ń yọjú báyìí. Wọ́n dé, wọ́n sáré, tòmátì dà sílẹ̀ tán kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n ní eré náà kò dáa. Àwọn tó ni ín ní kí wọ́n tò sẹ́yìn kí wọ́n tún un ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń sọ̀rọ̀ sókè sí wọn, kò nílò máìkì.

Ohun tó kù tí wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí ni iye tí ìyá náà máa fún aṣọ́bodè tí kò bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ní 500 sẹ́fà, èkejì ní ta ló ń gba 500 láyé ìsinsìnyí. Mo ní kí wọ́n lọ bi ìyá wọn nílé. Wọ́n lọ, wọ́n mú èsì wá, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí, torí aṣọ́bodè náà lè máa kà á.